Ọjọ́ Tí Mo Tún Orúkọ Inú Fóònù Ìyàwó Mi Ṣe

Fóònù ìyàwó mi kì í sinmi. Láàárọ̀, kí n tó bọ́jú, yóò ti dún lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ni wọ́n ń pè láti Ìbàdàn, òun ni wọ́n ń pè láti Èkó, òun náà ni àwọn olóko Ìmini àti Ìlọrà ń pè pé ọsàn ti pọ́n, kí ó tètè rán mọ́tò wá. Ọsàn ni ó ń tà, níhìn-ín ní Fìdítì, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan létí títì, láti ìgbà tí ó ṣì ń pọn àbíkẹ́yìn wa. Ọmọ náà ti di òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Jóbèlé báyìí, ọsàn kò sì tíì tán.

Fóònù tèmi máa ń dojú bolẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú mi. Bí ó bá dún, àwọn tó ni láìnì ni. Wọ́n fẹ́ kí n wá ra orin tí yóò máa kọ sétí ẹni tó bá pè mí. Ta ni yóò pè mí tí yóò gbọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mò ń jowú. Mo ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Mo ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo lọ yunifásítì nígbà tí ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ kan ka àwọn tó ti ìlú wa lọ. Síbẹ̀, bí fóònù yẹn bá dún, tí ìyàwó mi gbé e, tí ó wá ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí n kò rí, ìlà kan ṣoṣo ni mo máa ń kà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀rín kan wà tí ó máa ń rín lórí fóònù, ó máa ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ó sì máa ń parí pẹ̀lú “ẹ má pa mí o.” Mo mọ ẹ̀rín náà dáadáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní in.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà ní ilé tí a ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí a lè fi pè ní Ìlọrà. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nígbà náà. Lẹ́tà ni mo ń kọ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nípasẹ̀ tíṣà kan tó ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wọn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọ lẹ́tà sí i. Bí tíṣà bá ti yọ sí agbo ilé wọn pẹ̀lú àpòòwé lọ́wọ́, àwọn ọmọdé á ti máa ké pe orúkọ rẹ̀, gbogbo ìyàwó ilé á sì mọ̀ pé èmi ni. Ní gbogbo ayé, èmi nìkan ló ní àdírẹ́sì rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọrọ̀ ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tó kọjá, ẹnu fóònù rẹ̀, níbi tí wọ́n ń ki okùn ṣájà bọ̀, ṣò. Àfi bí ó bá fi rọ́bà dè é, kí ó tún wá nǹkan tó wúwo tẹ okùn náà mọ́lẹ̀, kó tó lè gba iná. Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo rà ní ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì ló ń lò fún iṣẹ́ náà. Mo kàn ń wò ó.

Nígbà tó yá, ó ra fóònù tuntun. Ó ní òun máa gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìlọrà, kí ó bá òun kó àwọn nọ́ńbà inú ti àtijọ́ sínú tuntun.

“Kí àjèjì wá máa wo gbogbo nọ́ńbà rẹ,” mo ní, “nígbà tí èmi jókòó sílé?”

“Ẹ̀yin? Bàbá, ẹ lè ṣe é?”

“Ta ló kọ́ àwọn tó kọ́ obìnrin yẹn níwèé?”

“Ẹ má bínú o, ọ̀gá tíṣà. Fóònù ò ní pátákó, kò sì sí ẹfun níbẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀rù kí ẹ má lọ na àwọn oníbàárà mi lẹ́gba ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín fóònù yẹn. Ẹ̀rín inú ilé lásán ni.

Ọmọ wa tó wà ní Jóbèlé wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà kan fún mi lọ́dún kan sẹ́yìn, kí n lè máa ka ìwé ìròyìn. Ó ti kó àwọn ètò tí ń mú un ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, kúrò nínú rẹ̀, ó sì ti fi àwọn ètò ọ̀fẹ́ rọ́pò wọn.

“Ẹ wò ó, Bàbá,” ó ní. “Àwọn tó ṣe ètò yìí kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an wà níta gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè tún un ṣe, kó sì gbé e fún ẹlòmíràn.”

“Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é nìyẹn.”

“Ọ̀wẹ̀ gan-an ni. Kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó máa kó nọ́ńbà Màmá lọ tà.”

Inú mi dùn sí èyí. Nígbà èwe mi, bí a bá fẹ́ kọ́ ilé, ẹni tó mọ amọ̀ọ́ pò á pò ó, ẹni tó mọ ewé bẹẹrẹ á bo orí ilé, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀nà tí a gbà mọ ògiri pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣì kù láyé.

Ó fi ètò kan sínú fóònù àtijọ́ àti fóònù tuntun, ó sì fi irú ètò náà hàn mí nínú kọ̀ǹpútà. Ó ní bí mo bá ti jẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn, àkójọ orúkọ tó wà níbí àti èyí tó wà lọ́hùn-ún yóò máa bára mu nígbà gbogbo. Ohun tí mo bá kọ sínú kọ̀ǹpútà yóò hàn nínú fóònù. Ohun tí mo bá pa rẹ́ níbí yóò pa rẹ́ lọ́hùn-ún.

“Nítorí náà, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkójọ náà, kí ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ẹ̀dà o, Bàbá.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ̀dà.”

“Ṣé ìwọ lo bí mi ni?”

Ó padà sí Jóbèlé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyàwó mi fi fóònù méjèèjì sílẹ̀ fún mi títí di ìyálẹ̀ta. Mo so wọ́n pọ̀. N kò ṣe ẹ̀dà kankan. Èmi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dáhùn!

Àwọn orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bí èèrà. Nígbà tí wọ́n dúró, ètò náà kọ iye wọn sísàlẹ̀: ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì. Mo gbé fóònù tèmi, mo ka ti inú rẹ̀. Méjìdínlógójì, àwọn oníná mànàmáná sì wà nínú wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ nìkan ló ń hàn. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀, kì í hàn àfi bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo kà dẹ́rù bà mí. “Àlájà eléjí.” “Àlájà tí kì í rẹ́rìn-ín.” “Àlájà ẹlẹ́nu bí abẹ.” “Dírẹ́bà tó tiro.” “Dírẹ́bà tó ń sùn.” “Bàbá adití Ìmini.” “Pásítọ̀ ọlọ́sàn kíkan.” “Ìyá olóko tó ń purọ́.” “Bàbá tí kì í pe èèyàn.”

Níbi tí mo dé eléyìí, mo rẹ́rìn-ín sókè. Inú mi dùn gan-an ni. Mo ní, ó dára, ó kéré tán ọ̀kan wà nínú ẹgbẹ̀ta tí kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ojú tì mí nítorí àwọn yòókù. Àwọn òbí wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Obìnrin tó lọ sí Mẹ́kà, tó gbowó lé ọwọ́ rẹ, o wá kọ ọ́ sínú fóònù pé ẹnu rẹ̀ dà bí abẹ? Bí ó bá rí i ńkọ́? Mo gbé ọwọ́ lé iṣẹ́. Mo pa gbogbo àbùkù náà rẹ́ lẹ́yìn orúkọ wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń fi ìńkì pupa pa ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn ọmọ. Àlájà tí kì í rẹ́rìn-ín di Àlájà. Dírẹ́bà tó tiro di Dírẹ́bà. Bàbá adití di Bàbá. Bàbá tí kì í pe èèyàn, òun náà di Bàbá.

N kò ní purọ́ fún ìwé tí mò ń kọ: kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ nìkan. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi kan olúkúlùkù wọn. Àwọn orúkọ àdápè yẹn, ìyàwó mi àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ló jọ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ wà láàárín wọn, ẹ̀fẹ̀ wà, ìjà wà tí wọ́n ti parí, èmi kò sì sí nínú ìkankan. Bí mo ti ń pa wọ́n rẹ́, ara ń tù mí.

Mo wá orúkọ tèmi náà. Mo wá “Ọkọ mi.” Kò sí. Mo wá “Dádì,” mo wá “Bàbá àwọn ọmọ,” mo tilẹ̀ wá “Ọ̀gá tíṣà.” Kò sí ìkankan. Obìnrin tí mo kọ lẹ́tà sí fún ọdún mẹ́ta gbáko ní ẹgbẹ̀ta ènìyàn nínú fóònù, kò sì fi mí kún wọn. Mo tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ètò náà wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní òun rí orúkọ púpọ̀ tó jọ ara wọn. Ṣé kí òun pa wọ́n pọ̀? Inú ṣì ń bí mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àlájà mẹ́rìndínlógún di Àlájà kan. Dírẹ́bà mẹ́sàn-án di ọ̀kan. Àkójọ náà kúrú, ó mọ́ tónítóní bí rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ táàmù. Mo gbé fóònù tuntun wò, ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbé ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo gbé tuntun lọ fún un lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹ̀yin náà ti di oníkọ̀ǹpútà.” Mo rìn padà sílé bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Oòrùn kò tíì yẹ̀ lórí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé láìbọ́ bàtà.

“Bàbá, kí lẹ ṣe sí fóònù mi?”

“Mo tún un ṣe ni.”

“Ẹ tún kí ni ṣe? Ọsàn wà nílẹ̀ ní Ìmini, wọ́n ti ká a láti àná. Mo ní kí n pe dírẹ́bà. Mo rí ‘Dírẹ́bà,’ nọ́ńbà mẹ́sàn-án wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ èyí tó wà lókè. Ẹ mọ ẹni tó gbé e? Èyí tó sùn lórí ìrìn tó fi kó ẹrù mi wọ igbó lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn! Ó ní, ‘Ha! Màmá, ẹ ti dárí jì mí!’ Kí n tó ya ẹnu, ó ti ń lọ sí Ìmini!”

“Pè é padà.”

“Ó ń wakọ̀, kò gbọ́. Tàbí ó ti sùn.” Ó jókòó. “Mo pe Àlájà tó fẹ́ kó ọsàn náà, Àlájà mìíràn ló dáhùn, àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ní, ‘Nígbà tí mo ń bẹ̀ ọ́ kí o tà fún mi, o ní kò sí.’ Bàbá, Àlájà wo ni kí n sọ pé ó ń pè mí báyìí? Ẹ wò ó, ó tún ń dún. ‘Àlájà.’ Àlájà wo?”

Mo pe ọmọ wa ní Jóbèlé. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ẹ ṣe ẹ̀dà, àbí?”

“Màmá rẹ ń dúró,” mo ní.

“Bàbá.”

“Mo ní n kò ṣe é.”

Ó ní kò sí nọ́ńbà tó sọnù, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó sọnù ni ẹni tó ni ín. Kò sì sí ètò kankan láyé, ọ̀fẹ́ tàbí olówó, tó mọ èyí tó ń sùn nínú dírẹ́bà mẹ́sàn-án.

“Màmá nìkan ló mọ̀ wọ́n,” ó ní.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ọ̀sán mẹ́ta jókòó lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé, èmi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan, òun pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Èmi á ka nọ́ńbà, òun á tẹ̀ ẹ́, á jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ẹni náà kò ní tíì sọ ju “hẹ̀ló” lọ tí yóò ti mọ̀ ọ́n.

“Ẹ ò kú iṣẹ́, Àlájà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn ńkọ́? Ó ti rìn? Àlùbáríkà! Rárá, mo kàn ní kí n kí yín ni.” Yóò pa á, yóò kọjú sí mi. “Ẹ kọ ọ́: Àlájà eléjí.”

Mo kọ ọ́.

“Ẹ kọ ọ́: Dírẹ́bà tó tiro. Òun ló máa lọ Ìmini. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gún ti pọ̀ jù lójú títì.”

Mo kọ ọ́. Dírẹ́bà tó tiro lọ, ó bá ẹnìkejì rẹ̀ níbi tó ti páàkì sábẹ́ igi kan kí ó tó dé Ìmini, ó ń sùn. Ìdámẹ́ta ọsàn náà ti rà kí mọ́tò tó kó o kúrò. Ìyàwó mi kò bá mi wí lórí ìyẹn. Ì bá tilẹ̀ bá mi wí.

Ohun tó dùn mí jù ni ẹ̀rín yẹn. Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi jókòó ní ìwọ̀n apá kan sí i, mò ń gbọ́ ọ, olóko Ìlọrà ni ó ń rín in fún, oníṣòwò Ìbàdàn ni, pásítọ̀ ọlọ́sàn kíkan gan-an rí tirẹ̀ gbà. Bí ó bá ti pa fóònù, ojú rẹ̀ á padà sípò, á ní, “Èwo ló kàn?” Èmi kò ju akọ̀wé lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, a dé orí “Bàbá.” Nọ́ńbà méje ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ka mẹ́ta àkọ́kọ́, ó pè wọ́n, ó mọ̀ wọ́n. Bàbá adití Ìmini kò gbọ́, ọmọ rẹ̀ ló bá wa sọ̀rọ̀. Mo ka ìkẹrin. Ó gbé ìka lé e, ó wò ó, ó wá tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú pálọ̀. N kò tètè mọ ohun tó jẹ́, nítorí n kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ déédéé, n kò sì mọ nọ́ńbà ara mi sórí.

“Ẹ lọ gbé fóònù yín, Bàbá,” ó ní. Kò wò mí.

Mo ka àwọn bàbá inú àkójọ náà lọ́kàn mi, gbogbo àdápè tí mo pa rẹ́. Mo rántí ọ̀kan nínú wọn. Mo rántí bí mo ṣe rẹ́rìn-ín.

“Èmi ni kì í pe èèyàn?”

“Láti ìgbà tí a ti ra fóònù sílé yìí, ọjọ́ wo lẹ pè mí rí? Bí mo bá pẹ́ lẹ́bàá títì, ẹ á jókòó síbí, ẹ á fajú ro dè mí. Àwọn tó ń ra ọsàn lọ́wọ́ mi máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun.”

“Mo kọ lẹ́tà sí ọ.”

“Ẹ kọ ọ́. Mo sì kà á.” Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fóònù náà. “Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi wọlé, ẹ ò kọ ìkankan mọ́.”

Fóònù náà dákẹ́ nínú pálọ̀. Adìyẹ kan kọjá láàárín wa.

“Kí ni kí n kọ sí i báyìí?” mo bi í.

“Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ni. Kí n má baà ṣi èèyàn pè.”

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: Bàbá tí kì í pe èèyàn. Lẹ́yìn náà mo ṣe ẹ̀dà àkójọ náà, mo gbé e sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo gbé fóònù mi. Àyà mi ń já bí ti ọmọ yunifásítì tó fẹ́ fi lẹ́tà rẹ̀ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré kí ó tó gbé e.

“Bàbá! Kí ló dé? Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú.”

“Ẹ ṣubú?”

“N kò ṣubú. Mo ní kí n béèrè bóyá o ti jẹun.”

Mo gbọ́ tírélà kan tó kọjá lójú títì lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ẹnìkan tó ń ná ọsàn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ, láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń bọ̀ wá.

“Ẹ má pa mí o,” ó ní. “Mi ò tíì jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti… Ẹ dúró ná, Bàbá, Àlájà eléjí ń pè mí.”

Mo dúró. Mo dúró títí láìnì fi já fúnra rẹ̀. Mo tún pè é, wọ́n ní ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń jowú o. Mo gbé fóònù náà padà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò ojú mi, mo sì dojú rẹ̀ sókè.